Láti Orí Yanrìn dé Ẹgàn: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Èdè-Ìperí Ìmọ̀ Ìbágbépọ̀ Ohun Abẹ̀mí fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Chicago

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí a ń gbà wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn èrò ìpìlẹ̀ inú ìmọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ecology. Ó fi Chicago ṣe ibi ìwòye, nítorí pé etí adágún tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn èrò náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun ti ń kọ́ èdè àwọn òbí wọn. Ohun tí ó ń jà fún ni pé àtòkọ ọ̀rọ̀ tí ó kàn ń wá Yorùbá kan fún Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń ba èrò jẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ọdẹ àti apẹja ti ní ìtò tirẹ̀ tí ó lè gbé ìmọ̀ yìí dúró. Ó tún fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò ti tó, tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra.

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chicago, tí ó kọrí sí ìsàlẹ̀ adágún Michigan, yóò dé ibi tí òkìtì yanrìn ti tò lọ ní etí omi ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ní ìparí àwọn ọdún 1890, Henry Chandler Cowles, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Chicago, máa ń lọ síbẹ̀ láti wo ewéko. Ohun tí ó rí ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń kúrò létí omi tí ó ń rìn wọ inú ilẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọjá láti ìgbà kan bọ́ sí ìgbà mìíràn. Létí omi gan-an, yanrìn lásán ni. Lẹ́yìn yanrìn ni koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di yanrìn mú. Lẹ́yìn koríko ni igi cottonwood, lẹ́yìn rẹ̀ ni igi páìnì, lẹ́yìn páìnì ni igi óákù. Òkìtì tí ó jìnnà sí omi ni ó ti pẹ́ jù. Èyí tí ó sún mọ́ omi ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí. Cowles tẹ ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Botanical Gazette ní ọdún 1899. Ní ọdún 1913, àwọn onímọ̀ ewéko láti Yúróòpù wá fi ojú ara wọn rí ibẹ̀. Arthur Tansley, ará Ìlú Ọba, wà lára wọn, òun náà ni ó lo ọ̀rọ̀ ecosystem nínú ìwé tí a tẹ̀ ní ọdún 1935. Lónìí, ilẹ̀ yanrìn náà ti di ọgbà orílẹ̀-èdè láti ọdún 2019.

Ní apá kejì Chicago, ní Evanston, etí adágún kan náà ni Yunifásítì Northwestern wà, níbi tí Melville Herskovits ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1948. Omi kan náà ni ó ń fọ ẹsẹ̀ ìmọ̀ méjèèjì. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí Cowles rí yóò kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tì. Ohun tí ó máa ń bá pàdé ni àtòkọ olójú méjì: Gẹ̀ẹ́sì ní apá òsì, Yorùbá ní apá ọ̀tún. Irú àtòkọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìdánwò. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni bóyá ó wúlò fún ìrònú, nítorí pé ọmọ tí ó bá gbà pé Yorùbá kò ju orúkọ kejì tí a lẹ̀ mọ́ èrò tí ó ti kọ́kọ́ ní lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun máa bá èdè náà lọ nígbà tí ìdánwò bá parí.

Ohun tí àwọn aṣáájú ti ṣe

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́. Àbájáde ètò náà fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n tayọ wọn.

Ní ti èdè-ìperí, ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni iṣẹ́ náà dá lé. Nítorí èyí ni olùkọ́ fi lè sọ̀rọ̀ nípa fóníìmù àti gbólóhùn láàárọ̀ láìdúró, ṣùgbọ́n tí ó fi ń kólòlò ní ọ̀sán nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹranko, ilẹ̀ àti omi.

Ètò ìjọba kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tí ó tẹ̀lé e kéde pé òun ti fagi lé e. Bí ilé bá ti ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ ń wúwo sí i lórí àwọn tí ń kọ́ Yorùbá lẹ́yìn odi. Ó yẹ kí ohun tí wọ́n ń kọ́ lè dúró.

Àyíká àti ìbágbépọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ni àyíká. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: gbogbo ènìyàn mọ ìmọ́tótó àyíká. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan yìí dípò èrò mẹ́rin: ohun tí ó yí wa ká, ibi tí ẹ̀dá kan ń gbé, ètò tí ó so ẹ̀dá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ àti omi, àti ìmọ̀ tí ó ń wádìí gbogbo rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé irú àtòkọ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ pé àyíká ni ẹ̀kọ́ nípa àyíká àwọn ẹ̀dá nínú àyíká wọn. Olùkọ́ kò ní lè fa igi lé gbólóhùn náà, nítorí pé àtòkọ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú ìhun ọ̀rọ̀ náà. Àyíká ni ohun tí ó yí nǹkan ká. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan láàárín. Nínú ìsọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ènìyàn ni ó máa ń wà láàárín náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a ń sọ yìí kò fi ènìyàn sí àárín. Ó ń wo bí ekòló, olú, igi àti ẹyẹ ṣe ń fi ara wọn ṣe ọ̀nà oúnjẹ àti ààbò, yálà ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Nígbà tí Ernst Haeckel, ará Jámánì, ṣẹ̀dá orúkọ ìmọ̀ náà ní ọdún 1866, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ilé ni ó ti mú un. Yorùbá ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ èyí láìjẹ́ pé ó ṣe àdàkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ti bí olùgbé, ó ti bí ibùgbé, ó ti bí ìbágbépọ̀. Bí a bá mú olùgbé fún ẹ̀dá tí ó ń gbé ibì kan, ibùgbé fún ibi tí ó ń gbé, ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ohun abẹ̀mí fún ẹ̀kọ́ náà, àti ètò ìbágbé fún ohun tí Tansley ń sọ, ẹni tí ó mọ ọ̀kan nínú wọn ti ní kọ́kọ́rọ́ sí àwọn yòókù. Àǹfààní tí àtòkọ kò lè fún un nìyẹn.

A lè ṣe àtakò pé ìbágbépọ̀ dùn ún gbọ́ jù, pé ó dà bí ẹni pé kìnnìún àti àgbọ̀nrín ti bá ara wọn mulẹ̀. Àtakò náà ní ìdí. Èsì rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbé agbo ilé rí mọ̀ pé ìjà, ìlara àti ìjẹ gbèsè wà nínú ìbágbépọ̀, a kò sì torí ìyẹn pè é ní orúkọ mìíràn. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù ni apá kejì: ètò ìbágbé gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn mọ́ra, tí wọn kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Ohun tí Tansley tẹnu mọ́ gan-an nìyẹn. Pé Yorùbá ń bá ara wọn mulẹ̀, tí wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ ń gbọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Kò sọ ilẹ̀ di ohun abẹ̀mí nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ kò ṣe Yorùbá lóore, kò sì ṣe sáyẹ́ǹsì lóore.

Okùn àti àwọ̀n

Ẹni tí ó bá tú food chain ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò kọ ẹ̀wọ̀n oúnjẹ. Etí tí ó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ó tó gbọ́ ohun mìíràn, yóò sì máa wò ó pé ta ni wọ́n fi oúnjẹ dè. Ohun tí Yorùbá fi ń so nǹkan pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ni okùn. Okùn ìfẹ́ ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya; okùn ẹbí ń so ará ilé pọ̀ mọ́ ará oko. Okùn ìjẹun yóò tètè yé ni: koríko ni ẹlẹ́ǹgà ń jẹ, ẹlẹ́ǹgà ni àkèré ń jẹ, àkèré ni ejò ń jẹ, ejò ni àṣá ń gbé.

Ibi tí okùn ti ju ẹ̀wọ̀n lọ ni ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì gbé àwòrán kan kalẹ̀ fún ìlà ìjẹun kan, ó sì lọ yá òmíràn lọ́dọ̀ aláǹtakùn fún àpapọ̀ àwọn ìlà náà. Ní Yorùbá, apẹja mọ̀ pé okùn ni a ń ta ní kókó títí yóò fi di àwọ̀n. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ okùn ìjẹun tí ó ta kókó mọ́ ara wọn ni àwọ̀n ìjẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àlàyé kejì. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ojú kan bá já nínú àwọ̀n.

Adágún Michigan fúnra rẹ̀ ti ṣe àpẹẹrẹ náà. Ẹja lamprey láti inú òkun, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja mìíràn láti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gba ọ̀nà omi tí ènìyàn gbẹ́ wọ inú àwọn adágún ńlá náà. Ó pa ẹja trout inú adágún ní ìpakúpa, òun àti àwọn apẹja tí ń kó wọn jọ. Ẹja alewife, tí òun náà gba ọ̀nà kan náà wọlé, rí àyè, nítorí pé èyí tí ì bá máa jẹ ẹ́ ti tán. Ó pọ̀ débi pé ní ọdún 1967, òkú ẹja yìí kún etíkun Chicago, òórùn rẹ̀ sì gba ìlú. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ìpínlẹ̀ Michigan ti da ẹja salmon láti òkun Pàsífíìkì sínú omi kí ó lè máa jẹ ẹ́. Ìtàn yìí kò ṣeé fi okùn kan ṣoṣo sọ. Àwọ̀n ni ó lè gbé e.

Nínú àwọ̀n náà, Yorùbá lè sọ ipò oníkálukú pẹ̀lú ìhun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Màlúù ń jẹko, nítorí náà ajẹko ni. Ẹkùn ń jẹ ẹran, ajẹran ni. Olú àti àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ ń mú òkú ohun jẹrà, amóhunjẹrà ni wọ́n. Ewéko tí ó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀ ni olùpèsè. A kò nílò láti há ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi a- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ lè ṣẹ̀dá èyí tí kò gbọ́ rí.

Ìjogún, ìrọ́pò, ìgbapò

Èrò tí Cowles fi orúkọ Chicago sórí ìmọ̀ yìí ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní succession. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò darí akẹ́kọ̀ọ́ sí ìjogún tàbí ìrọ́pò. Ìjogún kò ṣe é. Ẹni tí ó ń jogún gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ó kú tan, koríko kì í sì í ṣe baba igi óákù. Ìrọ́pò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rọ́pò ẹnìkan lè má jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Nínú ohun tí Cowles rí, koríko di yanrìn mú, ó kú, ó jẹrà, ó sọ yanrìn di ilẹ̀. Nígbà náà ni igi tó rí ibi fìdí gbòǹgbò rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni ìṣáájú ni ó tún àyè ṣe fún ẹni tí yóò lé e kúrò. Ìgbapò lè gbé èyí: ẹnìkan wà ní ipò kan, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ti ṣe.

Àgbẹ̀ Yorùbá ti ń ka ìgbapò tipẹ́ láìfi orúkọ yẹn pè é. Oko tí a fi sílẹ̀ láti sinmi di ìgbòrò. Ìgbòrò tí ó pẹ́ di igbó. Ibi tí àdá kò dé rí, tí igi ńláńlá ti bo ojú ọ̀run, ni ẹgàn. Ọ̀gbẹ̀rì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gàn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò dùn ún gbọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó bá fi igbó nìkan dípò gbogbo ìpele wọ̀nyí ti sọ ọdún gbọọrọ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fojú rí bí igbó tí a kò fi ṣe oko ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí lè lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ìgbàgbọ́ ni ó dáàbò bò ó láàárín ìlú.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò tó. Oko ni àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀. Yanrìn adágún kò jẹ́ oko ẹnikẹ́ni rí. Àìtó yìí fúnra rẹ̀ wúlò. Àwọn onímọ̀ ya ìgbapò tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò sí ohun abẹ̀mí kankan níbẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ewéko ti wà tí a sì pa á run. Gẹ̀ẹ́sì fi nọ́ńbà pè wọ́n, ìkíní àti ìkejì, nọ́ńbà kò sì ṣàlàyé nǹkan kan. Ìgbapò orí ilẹ̀ òfìfo àti ìgbapò orí ìgbòrò yóò sọ ìyàtọ̀ náà nínú orúkọ wọn.

Kí a má sì sọ pé ẹgàn ni ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1916, Frederic Clements kọ́ni pé ewéko ibì kan máa ń dàgbà bí ẹ̀dá kan ṣoṣo títí yóò fi dé òpin tí ojú ọjọ́ là sílẹ̀ fún un. Henry Gleason, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Illinois, ta kò ó ní ọdún 1926: ó ní irú ewéko kọ̀ọ̀kan ń wá fún ara rẹ̀ ni. Ní ọdún 1958, Jerry Olson padà sórí àwọn òkìtì Cowles, ó sì fi hàn pé ibi tí igi óákù bá ti gba ilẹ̀ yanrìn, ó lè máa wà níbẹ̀ láìsí igbó mìíràn tí yóò tẹ̀lé e. Ìgbapò kò ṣe ìlérí òpin kankan, ìdí nìyẹn tí ó fi dára ju ọ̀rọ̀ tí ó bá ní ìdàgbàsókè nínú lọ.

Àlejò, àjèjì àti ajagungbalẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè ṣe ọmọ léṣe jù ni ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun abẹ̀mí tí ó ti ibòmíràn wá. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà pé àjèjì ni orúkọ ẹ̀dá tí ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ọmọ náà yóò gbọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí a kò pinnu láti kọ́ ọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹja kan tí a kó wá láti Éṣíà ti gbilẹ̀ nínú odò Illinois, ìbẹ̀rù sì wà pé wọn yóò gba ipa odò tí a gbẹ́ ní Chicago, tí a ṣí ní ọdún 1900, wọ inú adágún. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń fi orúkọ Éṣíà pè wọ́n. Ní ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́ pa orúkọ náà tì, nítorí àwọn ènìyàn tí ó ń bà nínú jẹ́. Ní ọdún 2022 ni ìpínlẹ̀ Illinois sọ wọ́n ní Copi kí àwọn ènìyàn lè máa jẹ wọ́n.

Yorùbá kò nílò láti kọsẹ̀ síbẹ̀. Àlejò ni ẹni tí ó wá. Kò sí ẹ̀bi nínú ìwá rẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti di ará ilé débi pé àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé àlejò ni wọ́n rí. Ẹni tí ó fi agbára gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, gbogbo ará Èkó ni ó sì mọ̀ ọ́n: ajagungbalẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń tiraka láti yà sọ́tọ̀, ìyẹn èyí tí ó ti ibòmíràn wá àti èyí tí ó ń lé onílé jáde, Yorùbá ti yà á sọ́tọ̀. Ewéko orí omi tí ó bo ọ̀sà Èkó láti àwọn ọdún 1980, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ apẹja kọjá, ajagungbalẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni ó gbà.

Ewé tí a ń pè ní ewé Akíntọ́lá ní ibì kan, tí a ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ ní ibòmíràn, tí orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì jẹ́ Chromolaena odorata, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, ó sì máa ń gba gbogbo ìgbòrò kan. Àwọn ènìyàn fi orúkọ olóṣèlú tí wọ́n gbọ́ nígbà ayé wọn sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ kan ń fi í ṣẹ́ pa, àwọn mìíràn sì ń lo ewé rẹ̀ fún ojú ọgbẹ́. Ṣé ajagungbalẹ̀ ni tàbí àlejò? Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jiyàn lé e, ní Yorùbá.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn

Àṣìṣe tí ó fara sin jù wà nínú orúkọ ìgbà. Láti ayé àwọn míṣọ́nnárì ni a ti ń fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tú summer. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí òjò dá, tí koríko gbẹ, tí iná ń jó ọ̀dàn. Ní Chicago, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ni òjò ń rọ̀ jù, nígbà yẹn gan-an ni gbogbo ewéko ń tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà náà yóò mọ orúkọ, yóò sì ṣi ohun tí orúkọ ń sọ mọ̀. Ìgbà ooru ni ó yẹ kí a máa pè é.

Ọ̀dàn pàápàá nílò àfikún. Illinois ni ìpínlẹ̀ ọ̀dàn nígbà kan rí; èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú ọ̀dàn àtijọ́ náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Iná ni ó ń pa ọ̀dàn ibẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ igi, gẹ́gẹ́ bí iná ti ń ṣe ní apá Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin. Ní Midewin, lẹ́bàá Chicago, wọ́n ń tún ọ̀dàn gbìn, wọ́n sì dá ẹfọ̀n Amẹ́ríkà padà síbẹ̀ ní ọdún 2015. Ẹni tí ó mọ ọ̀dàn ní ilé ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà. Ìdajì kejì ni yìnyín, tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dàn ilẹ̀ olótùútù yóò rán an létí méjèèjì.

Àtakò kan àti èsì rẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kàn yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi àmì ohùn sí i, kí ọmọ lè bá ayé rìn. Ìyáwó-lò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá ti yá sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, àpilẹ̀kọ yìí náà sì ti lo orúkọ igi àti ẹja tí kò ní Yorùbá. Ohun tí kò bójú mu ni kí a yá orúkọ fún ohun tí a ti mọ̀. Ìwé tí ó sún Cowles sí iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí Eugenius Warming kọ ní ọdún 1895. Èdè Denmark ni ó fi kọ ọ́, èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ nígbà náà kéré gidigidi sí àwọn tí ń sọ Yorùbá lónìí, ó sì sọ ìwé náà ní Plantesamfund: ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ewéko, àti ọ̀rọ̀ tí ará Denmark èyíkéyìí fi ń pe àwùjọ. Kò dúró kí èdè ńlá fún un ní orúkọ.

Yorùbá náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní òdìkejì. Àfòmọ́ ni ewéko tí kì í ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi tí ó sì ń mu omi ara rẹ̀. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wá orúkọ fún ègé ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró, tí ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ òmíràn, orúkọ ewéko yìí ni wọ́n mú. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣàròyé pé kò yé òun. Bí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bá lè lọ yá ọ̀rọ̀ nínú igbó, kò yẹ kí ìmọ̀ igbó máa tọrọ ọ̀rọ̀ kiri.

Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín kò di òfin. Ìlò ni yóò sọ èyí tí yóò dúró, olùkọ́ mìíràn sì lè rí èyí tí ó sàn ju ìgbapò tàbí ètò ìbágbé lọ. Òṣùwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì, ìbéèrè mẹ́ta sì ni: ṣé ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀rọ̀ mìíràn tan nínú èdè, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ọ̀kan dé òmíràn? Ṣé ó sọ òtítọ́ nípa ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà, kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìkan? Ṣé a lè fi í jiyàn?

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán an wò kò nílò ju ọjọ́ kan lọ. Kí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí etí adágún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń fọ yanrìn, kí wọ́n máa rìn wọ inú igi óákù lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ Gẹ̀ẹ́sì títí wọn yóò fi dé abẹ́ òjìji. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ láti ṣe.